Ẹni Tó Fẹ́ Ra Yàrá Wa

Ọlámijí, ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Tẹjú àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ̀wé yìí. Orúnkún ṣì ń dùn mí. Ìró ìbọn ti rọlẹ̀ díẹ̀ ní Warri níbí.

O ní kí n ta yàrá wa méjèèjì nítorí ìjà, kí n padà sí Ìjẹ̀bú. Ọkùnrin tí o rán wá rà á dé. O mọ òfin ilé yìí: ìdílé mẹ́fà ló jọ rà á ṣáájú ogun Bìáfúrà, ẹni tó bá máa wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá gbogbo wa jẹun nínú ìkòkò kan. A se ìkọ́kọrẹ́ dè é. Ó ní, "Mama, I no dey chop for outside." Ẹni tí kò lè bá wa jẹun, ṣé ó máa ṣílẹ̀kùn fún wa tí ìbọn bá dún? A ní kó máa lọ.

Iná ìjà jó ilé Ìyá Godwin ẹlẹ́ja. Nígbà tó sá wá bá wa, òun jẹ àwo méjì, ó tún bi wá bóyá ó kù. Inú yàrá tìrẹ ló ń sùn báyìí. Mi ò tà á mọ́.

Fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ránṣẹ́. Olúwa á ṣọ́ yín. Tí o bá wálé, kọ́kọ́ bá wa jẹun kí o tó béèrè ibi tí wàá sùn.

Èmi ìyá rẹ àgbà,
Warri.