Ọta Wo Ni Kí N Gbé Gun Àga Bàbá?

Sátidé, 14 Oṣù Kẹwàá

Ó ku oṣù kan kí àkókò ọdẹ àgbọ̀nrín wọlé. Àbúrò mi Reino ti dé àgọ́ wa láàárọ̀ yìí pẹ̀lú àlùmọ́gàjí tó pọ́n títí tó ń kọ mànà. Ó fi ìṣó kọ́ ọ sára ògiri, lábẹ́ ìdí ṣẹ́ẹ̀tì mi méjèèjì gan-an — aláwọ̀ ewé ti ọdún tó kọjá, àti olódòdó ti ọdún tó ṣáájú ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣẹ́ẹ̀tì wo lẹ máa wọ̀ lọ́dún yìí? Kí n mọ bí aṣọ ẹ̀ ṣe nípọn tó."

Ọmọ tí mo pọ̀n! Tí mo nu imú fún!

Òfin Bàbá wa nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó lè yí i. Ẹni tó bá yìnbọn sí àgbọ̀nrín tí kò bà á, wọ́n á gé ìdí ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀, wọ́n á kàn án mọ́ ògiri. Ẹni tó bá tàsé lọ́dún mẹ́ta léra, á sọ̀kalẹ̀ lórí Àga fún ẹlòmíì. Àga Bàbá — pákó mélòó kan lórí igi, tìmùtìmù tó ti já. Ibẹ̀ ni Bàbá ń jókòó títí ó fi kú. Èmi ló sì fi í lé lọ́wọ́, kì í ṣe Reino. Láti ọjọ́ náà ni Reino ti ń wo àga yẹn bí ológbò ṣe ń wo ẹja.

Mo ti tàsé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan ló kù.

Wàhálà Àga yẹn rèé. Wo òsì: àbàtà ni, igi kédárì dí i pa, àgbọ̀nrín á ṣàdédé yọ sí ẹ ní nǹkan bí ogójì ìṣísẹ̀. Wo iwájú: oko ọ̀dùnkún àtijọ́ ni, ó lọ títí dé ọgbà wáyà, ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ọta tó dáa fún ibí ò dáa fún ọ̀hún. Lọ́dún tó kọjá, mo mú ọta Bàbá, èyí tó wúwo, onímú róbótó. Ẹran lọ dúró sẹ́bàá wáyà. Kí ọta ó tó débẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́, abẹ́ ikùn ẹran ló já sí. Lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn, mo mú èyí tó fúyẹ́. Ẹran yọ nínú kédárì, ọta gbá ẹ̀ka igi, ó fọ́ túẹ́túẹ́.

Torí náà, kì í ṣe èmi ni mo tàsé. Ọta ni. Mo fẹ́ kó wà ní àkọsílẹ̀.

Sọ́ńdè, 15 Oṣù Kẹwàá

Mo fọwọ́ tọ́ àlùmọ́gàjí yẹn wò. Ó gé mi.

Wẹ́sìdeè, 18 Oṣù Kẹwàá

Bí mo ṣe já àwọn ọmọ iléèwé sílẹ̀ tán, mo wa bọ́ọ̀sì òfìfo lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù Wendell Tervo. (Eléébì ni mo ń pè é nínú ikùn mi. Nígbà tó wà ní kékeré, kò sí ọjọ́ kan tí kì í bì sí ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì mi. Ó ti wá di ọ̀gá oníṣòwò tó ń ta ìbọn àti ìṣó.)

Mo ní, "Wendell, mo fẹ́ ọta kan tó máa pa nítòsí, tó máa pa lọ́ọ̀ọ́kán."

Ó ní, "Mà, ìyẹn dà bí ẹni tó fẹ́ bàtà kan fún ijó àti oko."

"Ṣé o ní i àbí o ò ní i?"

Ó kó ọta sílẹ̀ lórí kántà. Èyí tó fúyẹ́, ó tẹ́ẹ́rẹ́, imú ẹ̀ ṣóńṣó, wọ́n fi rọ́bà pupa dé e lórí bí ẹni tó kun ètè. Ó ń sáré bí ẹni tó fẹ́ bá ọkọ̀. Mo sọ ọ́ ní Sísí. Ti Bàbá tó wúwo, mo sọ ọ́ ní Màmá. Màmá ò kánjú. Màmá ò ka ẹ̀ka igi sí. Àmọ́ má rán Màmá lọ sọ́nà jíjìn.

Mo ra Sísí. Màmá wà nílé, nínú dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná.

Sátidé, 21 Oṣù Kẹwàá

Arvid ò bá mi sọ̀rọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mo nílò nǹkan tó tóbi tó ejìká àgbọ̀nrín láti fi dán ọta wò. Ọkọ mi sì ní elégédé lẹ́yìnkùlé. Mo mú mẹ́rin. Ó bá mi lọ sí kòtò òkúta wẹ́wẹ́ láìmọ ohun tó wà nínú àpò. Ìgbà tí mo gbé wọn kalẹ̀ ló pariwo, "Irja! Èyí tí mo fẹ́ fi ṣe páì!"

Ó ti pẹ́ jù, ọwọ́ mi ti wà lára ìbọn.

Sísí nítòsí: kò sí elégédé mọ́. Mo ní kò sí. A rí èèpo díẹ̀ lórí òrùlé ọkọ̀.
Màmá nítòsí: ihò kan níwájú, ihò kan lẹ́yìn, elégédé jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni pé wọn ò bá a wí.
Sísí lọ́ọ̀ọ́kán: gẹ́rẹ́, àárín gan-an.
Màmá lọ́ọ̀ọ́kán: òkúta fò sókè níwájú elégédé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mí lọ́dún tó kọjá.

Arvid gbé elégédé kan ṣoṣo tó kù mọ́ àyà títí a fi délé.

Tọ́sìdeè, 26 Oṣù Kẹwàá

Mo ti rí i! Kí ló dé tí mi ò ronú kàn án tẹ́lẹ̀? Màá mú àwọn méjèèjì. Màmá nínú àpò òsì ẹ̀wù ọdẹ mi, torí òsì ni àbàtà wà. Sísí nínú àpò ọ̀tún, fún oko. Ibi tí ẹran bá ti yọ, èyí tó kàn ni màá kì.

Arvid (ó ti ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀) ní, "Kí lo máa wá sọ fún àgbọ̀nrín náà? Pé kó dúró, o ń pààrọ̀?"

Ìlara ni.

Tọ́sìdeè, 2 Oṣù Kọkànlá

Mo tún lọ sí kòtò. Páálí ni mo gbé lọ lónìí, kí àlàáfíà lè wà. Mo tún ojú awò tí mo fi ń wọn ẹran lórí ìbọn ṣe fún Sísí, Sísí bọ́ sí àárín. Mi ò mira, mi ò yí ohunkóhun, mo kì Màmá — ó lọ bọ́ sísàlẹ̀ lápá òsì, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́. Mo tún un yìn. Ibẹ̀ náà. Ìbọn kan náà, ojú kan náà! Tí mo bá tún un ṣe fún Màmá, Sísí á máa lọ ibi tó wù ú.

Wọn ò lè gbé ilé kan. Ọ̀kan ni mo gbọ́dọ̀ yàn. Orí ń fọ́ mi.

Mọ́ńdè, 6 Oṣù Kọkànlá

Ọmọ kan pè mí láti ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì: "Mà, ẹ ti kọjá ilé wa. Ẹ ti kọjá ilé gbogbo wa."

Fúráìdè, 10 Oṣù Kọkànlá

Ọlọ́run bù kún Eléébì. Ó ní òun ronú sí ọ̀rọ̀ mi. Ó mú ọta kan jáde: kò wúwo, kò fúyẹ́, bàbà ni látòkè délẹ̀, kò kun ètè, kì í fọ́ sára ẹran. Kíá, mo ti dé kòtò. Nítòsí — ihò tó mọ́. Lọ́ọ̀ọ́kán — ó bà á. Mo tún awò ṣe fún un dáadáa. Mo ń jó nínú òkúta bí ọmọdé.

Ọmọ Àárín ni mo sọ ọ́. Mo kó Màmá kúrò nínú àpò òsì padà sí dúrọ́ọ̀, mo fi Ọmọ Àárín rọ́pò ẹ̀.

Mo ti yàn. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ ọ̀rọ̀ ọta mọ́.

Sọ́ńdè, 12 Oṣù Kọkànlá

Reino wá mu kọfí. Ó jẹ nisu mi, búrẹ́dì aládùn, lájẹtán. Ó ní òun rí akọ kan ní àgbègbè oko, ìwo ẹ̀ bí adé. (Aládé ni màá máa pè é.) Mo rí i pé ara ẹ̀ ò balẹ̀, mo sì fi ata sí i. Mo ní, "Ọta tí ò ń lò yẹn, ṣé ó dá ẹ lójú? Nínú àbàtà? Ti Bàbá nìkan ni mo mọ̀ tí ò ní ẹlẹgbẹ́ níbẹ̀ o."

Ó gbé ife kọfí dání, kò mu ún. Inú mi dùn.

Ìrọ̀lẹ́: Màmá ò sí nínú dúrọ́ọ̀ mọ́. Arvid ló gbé e. Ó ní òun kọ́. Ọ̀rọ̀ elégédé yẹn ṣì wà lọ́kàn ẹ̀.

Túsìdeè, 14 Oṣù Kọkànlá

Gbogbo wa ti dé àgọ́. Yìnyín ti bo ilẹ̀. A wẹ̀ nínú sáúnà, ilé ooru wa. Reino ń fi àlùmọ́gàjí gé afẹ́fẹ́: ṣẹ́kẹ́, ṣẹ́kẹ́. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó burú jù nínú àpótí mi, kó má baà dùn mí.

Wẹ́sìdeè, 15 Oṣù Kọkànlá

Irun.

Ó yẹ kí n fi mọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìwé yìí ò lẹ́nu, màá sọ. Láti ìdájí ni mo ti ń wo ọgbà wáyà lọ́ọ̀ọ́kán. Mo yí awò ìbọn dé òpin, èyí tó máa ń fa ohun tó jìnnà wá sí iwájú imú ẹni. Ebi pa mí, mo yọ pasti tí Arvid dì fún mi, ẹran àti ọ̀dùnkún tí wọ́n fi ìyẹ̀fun wé, ó ṣì gbóná. Bí mo ṣe gé e jẹ — kẹ̀rẹ̀ — lápá òsì.

Aládé. Abẹ́ igi mi gan-an! Mo ń gbọ́ bó ṣe ń jẹnu.

Mo gbé ìbọn, mo fojú sí awò. Irun. Mo yí sósì, irun. Mo yí sọ́tùn-ún, irun. Mi ò mọ̀ bóyá orí ni àbí ìdí. Oṣù kan gbáko ni mo fi yan ọta tó máa pa nítòsí àti lọ́ọ̀ọ́kán, mi ò rántí pé ojú awò náà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹran wà! Mo fẹ́ yí i sílẹ̀, ìbọ̀wọ́ há mọ́ ọn, pasti bọ́. Ó já sílẹ̀ níwájú Aládé. Aládé gbóòórùn ẹ̀. Ó wò mí. Ó rọra bá tiẹ̀ lọ sínú oko.

Mi ò yìn. Ẹni tí ò yìn ò tàsé. Ẹ gbọ́ mi dáadáa.

Kò pẹ́ ni mo gbọ́ ìbọn Reino láti òdìkejì oko: gbòà! Aládé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé wáyà. Ojú mi báyìí ló rí i — yìnyín fò sókè lábẹ́ ikùn ẹ̀. Ó fo wáyà, ó lọ.

Abẹ́ ikùn. Mo mọ ọta tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo dé àgọ́, Reino jókòó ti ààrò, ó fa ẹ̀wù òtútù dé àgbọ̀n, ó ń làágùn. Ó ní òun kàn ń dán ìbọn wò ni.

Mo ní, "Bọ́ ẹ̀wù, àbúrò mi, ooru á pa ẹ́."

"Òtútù ń mú mi, Ẹ̀gbọ́n."

Mo tọwọ́ bọ àpò ẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe tó bá jí ṣúgà nígbà kékeré. Màmá! Màmá wà níbẹ̀, onímú róbótó.

Ló bá bú sẹ́kún ìbínú. "Ẹ̀yin náà lẹ fà á! Ọta, ọta, ọta, ojoojúmọ́! Láti ọjọ́ tí mo ti ń lo tèmi, n ò rò ó wò rí. Ẹ̀yin lẹ ń ṣiyèméjì, ẹ wá kó o ràn mí! Ẹ ní ti Bàbá ò lẹ́gbẹ́!"

Arvid rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo mú àlùmọ́gàjí lára ògiri. Ṣẹ́ẹ̀tì tuntun ni, onírun àgùntàn. Ó nípọn o. Ṣùgbọ́n Reino ti pọ́n nǹkan ọ̀hún dáadáa.

Tọ́sìdeè, 16 Oṣù Kọkànlá

Òkùnkùn ni mo gun Àga, òtútù ti pa ìka mi kú, agbára káká ni mo fi kì ìbọn. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe: mo yí awò sílẹ̀ pátápátá.

Ilẹ̀ mọ́. Aládé jáde nínú kédárì, ogójì ìṣísẹ̀. Mo rí ìwo, mo rí ọrùn, mo rí ejìká. Mo fà á.

Ó fò, ó sì wọ igbó lọ. Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́.

Mo fọwọ́ kan tìmùtìmù Bàbá, ẹkún gbọ̀n mí, mi ò purọ́. Ọdún kẹta. Mo sì rí Reino tó ń sáré bọ̀ láàárín oko, àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, ẹ̀rín dé etí. "Ẹ sọ̀kalẹ̀, Ẹ̀gbọ́n! Ẹ sọ̀kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́!"

Mo sọ̀kalẹ̀. A tẹ̀lé ojú ẹsẹ̀ ẹran nínú yìnyín, èmi níwájú, òun lẹ́yìn, ṣẹ́kẹ́, ṣẹ́kẹ́. A yí kédárì kan tó ti wó.

Aládé ló nà gbalaja yẹn.

Reino dúró. Ó wo ẹran, ó wò mí, ó fi àlùmọ́gàjí sápò jẹ́ẹ́. Ó ní, "Ọta wo nìyẹn?"

Mo ní, "Ọmọ Àárín. Fà á lọ."

Ó fà á dé àgọ́. Èmi ń gbé fíláàsìkì kọfí bọ̀ lẹ́yìn.

Fúráìdè, 17 Oṣù Kọkànlá

Arvid ń bó ẹran. Ó pè mí. "Irja, wá wo ejìká yìí. Ó ti di jọ́bọjọ̀bọ. Àfi bí elégédé mi."

Mo ní kò ṣeé ṣe. Ọmọ Àárín kì í fọ́ sára ẹran. Ó wá fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gbé nǹkan kan sókè. Kékeré. Rọ́bà. Pupa.

Ètè Sísí.

Mo sáré lọ gbé ẹ̀wù ọdẹ mi. Àpò òsì: Ọmọ Àárín pé, kò sí èyí tó kúrò. Àpò ọ̀tún: Sísí, láti ọjọ́ tí mo ti kó wọn síbẹ̀, mi ò kó wọn kúrò rí, ọ̀kan sì ti dín. Ìka tó kú nínú òkùnkùn! Ọta tí mo kọ̀, nínú ìbọn tí mi ò tún ṣe fún un. Orí ló yọ mí. Orí Bàbá.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí Reino fi já wọlé. Ó ti sọ fún gbogbo ìlú. Ọmọ Àárín ti tán nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Wendell, Reino fúnra ẹ̀ ra páálí méjì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ borí mi. Mo gbà fún yín. Ẹ mọ ọta. Àga ti yín ni." Ojú ẹ̀ wá bọ́ sórí ọ̀bẹ. "Kí ni pupa yẹn?"

Arvid wò mí. Ó wo ọ̀bẹ. Mo rántí gbogbo elégédé tó wà láyé yìí.

Ó ní, "Ata ni." Ó nu ọ̀bẹ mọ́ ṣòkòtò ẹ̀.

Nígbà tí Reino lọ tán, mo ní, "Arvid, o ṣeun. Gbin elégédé tó bá wù ẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Mi ò ní yìnbọn sí wọn mọ́ láyé."

Ó ń fọ ọwọ́, kò wẹ̀yìn. Ó ní, "Yìn wọ́n, jàre. Ṣáà kọ́kọ́ wo àpò tó o ti mú ọta."