Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Mo Ṣe fún Dókítà

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ bí mi tí ẹ sì tọ́ mi,

Ìwé dé láti Àjàṣẹ́ lánàá. Mẹ́tírù, olùkọ́ ilé ìwé wa, ló bá mi kà á, torí Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, Yorùbá ṣọ́ọ̀ṣì nìkan lèmi mọ̀ ọ́n kà. Ó kà á tán, ó ká a pọ̀, kò wo ojú mi. Wọ́n ti da ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tí mo pè nù. Ìjọba ò ní fún mi ní owó pánsíọ̀n aláàbọ̀ ara, kò sì sí ibòmíràn tí mo lè gbé e lọ mọ́.

Inú ń bí mi sí yín, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ kámíọ̀ tó ń kó yangí ti dà lé mi lẹ́yìn lójú ọ̀nà Banigbé, lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ẹ̀yin lẹ ń fi àdín ra ìbàdí mi ní àràárọ̀. Ẹ kì í jẹ́ kó ṣòfò, èyí tó bá kù lọ́wọ́ yín, ẹ ó fi pa orúnkún ara yín. Ẹ máa ń sọ fún mi pé ìjọba tuntun yìí, ti àwa tìkára wa ni, wọn ò ní gbàgbé mi. Ṣé ẹ gbà á gbọ́ lóòótọ́, àbí ẹ kàn ń tù mí nínú ni?

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ síwájú dókítà wọn, mo bá àgbàlagbà kan níbẹ̀ tí orí rẹ̀ funfun, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Kí lẹ rò pé mo ṣe? Mo fi ọ̀pá mi ti ògiri níta, torí ẹ ti kọ́ mi pé ọmọ kì í gbé ọ̀pá wọlé tọ àgbà. Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi kan sìmẹ́ǹtì. Ojú mi ṣú. Mo fi eyín di ètè, mo dìde fúnra mi, mo tún rẹ́rìn-ín, torí ẹ kórìíra ọmọ tó ń fajú ro kí ènìyàn. Baba náà súre fún mi. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ sínú ìwé pé ọkùnrin yìí dọ̀bálẹ̀, ó dìde láìsí ìrànlọ́wọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Kò purọ́ mọ́ mi. Ohun tó rí ló kọ, òun náà ni wọ́n sì fi kọ̀ mí nígbà kìíní.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí mo dọ̀bálẹ̀ lọ́mọdé tí àyà mi ò kan ilẹ̀, tí ẹ nà mí títí apá fi ro yín? Ẹgba yẹn ló gba pánsíọ̀n lọ́wọ́ mi.

Ẹ ti lọ kí wọ́n tó pè mí lẹ́ẹ̀kejì, fún ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta ló jókòó. Mo ti pinnu pé mi ò ní dọ̀bálẹ̀, mo sì dúró ti ọ̀pá mi bí òpó. Ojú èyí tó dàgbà jù le sí mi. Wọ́n ní kí n ṣe é bí mo ti ṣe é lọ́jọ́sí, kí àwọn náà rí i. Mo ṣe é. Mi ò lè dìde. Wọ́n ń wò mí nílẹ̀ níbẹ̀, ọ̀kan ń fi ìwé mi fẹ́ atẹ́gùn sára. Nígbà tó pẹ́, wọ́n pe ọlọ́dẹ wọlé, ó kì mí lábíyá gbé. Ìwé àná ní ẹ̀tàn ni, pé ẹni tó dìde nígbà kìíní lè dìde nígbà kejì.

Ìyàwó mi ti ń di ẹrù. Ó ti ro oko ẹ̀gẹ́ wa títí ó fi sú u, pánsíọ̀n yìí nìkan ló ń dúró dè. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bọ̀ láti Tchaada wá mú un lọ́jọ́ ọjà. Mi ò lè bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Kí ni n óò fi bẹ̀ ẹ́?

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ mú gègé gan-an nìyí. Lọ́jọ́ tí a sin yín, wọ́n tẹ́ yín sí àgbàlá, àwọn àbúrò mi ń dọ̀bálẹ̀ kí yín ìkẹyìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi àkọ́bí dúró lóòró. Àwọn ẹbí rò pé ẹ̀yìn mi ni kò jẹ́, wọ́n ń ṣàánú mi. Irọ́ ni. Ǹ bá rọra dé ilẹ̀, kí wọ́n gbé mi dìde. Ṣùgbọ́n mo rí akọ̀wé ìjọba tó ń gbé àdúgbò wa láàárín àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn, ẹ̀rù bà mí pé yóò lọ ròyìn fún wọn pé mo tún dọ̀bálẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án tí wọn óò pè mí. Mo ṣírò rẹ̀ níbẹ̀, lórí òkú yín.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo dọ̀bálẹ̀ fún ọkùnrin mẹ́ta tí mi ò mọ orúkọ wọn.

Èmi àkọ́bí yín ni, tó fẹ́ràn yín, tí kò kí yín.