Ojú Ìyá Rẹ Tí Ẹ Fún Kéré

Títílọpẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn ojoojúmọ́, mo kí ọ kú ìfaradà àwọn ará Èkó. Ẹni tó mú ọ jáde lára ìyá rẹ láìséwu kò ní fi ọ́ ṣòfò sójú títì. Kí ẹnu rẹ máa rí jẹ, kí ara rẹ sì máa gbà á. Èmi wà láàyè. Orúnkún ọ̀tún ń dùn mí, ti òsì kò dùn mí, nítorí náà ìdajì ara mi ló ń kí ọ dáadáa. Nurat, aránṣọ ará Ìkirè tó ń gbé yàrá iwájú, ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má ṣe gé ọ̀rọ̀ mi bí ẹni ń gé aṣọ. Ẹ̀gẹ́ oko ti ta dáadáa. Òjò ṣí páànù méjì lórí ilé ìdáná, mo ti kàn án padà.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ti fídíò ìyá rẹ. Ó pé ọdún mẹ́ta tí Àbẹ̀bí ti kú, mi ò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Mo sin ín, mo padà sí oko. Àmọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ ní Ifo fẹ́ mọ ère sìmẹ́ǹtì sórí ibojì rẹ̀, ìyẹn ni mo fi ní kí o fi fídíò tí o yà nígbà tó ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé ránṣẹ́, kí oníṣẹ́ ère lè rí ojú rẹ̀. Fídíò dé. Mo wò ó. Títílọpẹ́, ta ni obìnrin yẹn?

Ohùn ìyá rẹ ni, n kò jiyàn. Èébú rẹ̀ ni, mo mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ojú obìnrin náà ń dán bí ẹ̀yìn àwo, kò sí pélé kankan níbẹ̀. Ewúrẹ́ wa pupa tó dúró nídìí ògiri pupa ti wọnú ògiri lọ, ìrù rẹ̀ nìkan ló kù níta. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti pò pọ̀ mọ́ra wọn bí ọbẹ̀ tó ṣì wà lórí iná. Nígbà tí mo pè ọ́, o ní kí n fara balẹ̀, pé ẹ̀yin lẹ fún un kéré. O ní iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ yín ń ṣe nìyẹn, pé fídíò ńlá kì í tètè gba inú nẹ́tíwọ̀kì kọjá, ẹ máa ń fún un bí ẹni ń fún ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe gààrí. Ìyẹn yé mi, mo ti ń fún ẹ̀gẹ́ láti kékeré. Ohun tí kò yé mi ni èyí tí o sọ tẹ̀ lé e, pé ẹ̀rọ yín máa ń wo àwòrán, ohun tó bá rí i pé ojú ènìyàn kò ní fura sí, á yọ ọ́ dànù. Mo bi ọ́ pé ta ló sọ fún ẹ̀rọ pé mi ò ní fura sí pélé ìyàwó mi. O ní, Bàbá, kì í ṣe ẹnì kan, ìṣirò ni. Ó dáa. Sọ fún Ìṣirò pé Ògúnkànmí ará Mowe fura.

O tún ní ohun tí kò bá mira nínú fídíò, ẹ̀rọ kì í tún un yà, pé èyí tó ti yà tẹ́lẹ̀ náà ló máa ń lò. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti jókòó jẹ́ẹ́ mọ́ tí o bá pè mí lórí fídíò. O rò pé ibà ń ṣe mí, o fi oògùn ibà ránṣẹ́, mo sì ti lò ó tán. Kì í ṣe ibà. Mò ń mi orí bí alángbá ni, kí ẹ̀rọ má baà máa fi ojú mi àná hàn ọ́. Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n gbé ìsìn sórí fóònù, gbogbo ìjókòó àwọn àgbà ló ń jó láìsí orin. Pásítọ̀ rò pé Ẹ̀mí ló bà lé wa, ó fi wákàtí kan kún ìwàásù.

Kí n má purọ́ fún ọ, mo lọ wá ìyá rẹ. O ti sọ fún mi pé fídíò tí ẹ bá gbé síta, ẹ kì í fi í sí ibì kan ṣoṣo, ẹ máa ń fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sí ilé kan tó sún mọ́ àwọn tó fẹ́ wò ó, kó má baà pẹ́ lọ́nà. Ilé wo ló wá sún mọ́ mi? Ilé nẹ́tíwọ̀kì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni èyí tó wà nídìí òpó gíga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ márosẹ̀ ní Mowe. Mo wẹ̀, mo wọ bùbá, mo gun ọ̀kadà lọ. Mùíbì ni orúkọ ọlọ́dẹ ibẹ̀. Mo kí i, mo ní kó bá mi mú Àbẹ̀bí jáde. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣọ́ ibẹ̀, jẹnẹrétọ̀ àti alángbá nìkan ló ń gbé inú rẹ̀, obìnrin kankan kò sùn síbẹ̀ rí, àti pé tí ìyàwó òun bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, ta ló máa bá òun ṣàlàyé? Mo ní kì í ṣe obìnrin tó ń sùn, ẹ̀dà ni. Ó ní ẹ̀dà tàbí ògidì, kò sí obìnrin.

Nígbà tó rí i pé mi ò lọ, ó gbé bẹ́ǹṣì fún mi, ó ní nẹ́tíwọ̀kì lágbára níbẹ̀, kí n ṣí fídíò náà wò lórí fóònù. Ohun róbótó tó máa ń jáde tí fídíò kò bá tíì wọlé tán ń yí, ó ń yí. Mùíbì fẹ́ pa á, mo ní kó fi í sílẹ̀, pé bí ìyá rẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn tó bá ń wá èébú tó máa bá mi mu. Lójijì, ojú rẹ̀ là kedere. Pélé mẹ́ta wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró láyè rẹ̀. Mùíbì náà rí i, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ẹ kú àtijọ́, Mà. Bí Àbẹ̀bí ṣe fẹ́ yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì sí wa, tírélà kan kọjá, gbogbo rẹ̀ dúró. Mùíbì ní dátà mi ló tán, kì í ṣe tírélà. Mo ní kó bá mi kọ nọ́ńbà tírélà náà sílẹ̀ ná.

Ìdí tí mo fi ń wá ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì nìyí. Ọlágòkè, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ọkùnrin, wá láti Ifo, ó ní oníṣẹ́ ère ti ra sìmẹ́ǹtì, ó fẹ́ mọ iye pélé. Ó ní mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń kọ nílé àwọn, kí wọ́n kọ mẹ́ta-mẹ́ta. Mo ní rárá, ti òsì yàtọ̀. Ó ní báwo ló ṣe yàtọ̀? Mi ò lè sọ. A wo fọ́tò tó wà lára ògiri, ẹni tó yà á ti fi àtíkè pa gbogbo ojú rẹ̀ rẹ́. Ti káàdì ìdìbò dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọlágòkè wò mí, ó ní, àna wa, ọdún mọ́kànlélógójì lẹ fi jẹun lọ́wọ́ ọmọ wa, ẹ ò mọ ojú rẹ̀. Mo fi etí bùbá mi nu fọ́tò náà, bóyá àtíkè á kúrò níbẹ̀. Ó ní ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ohun tí wọ́n bá sọ fún oníṣẹ́ ère ló máa mọ, tí sìmẹ́ǹtì bá sì ti gbẹ, kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ohun tí mi ò sọ fún Ọlágòkè, ìwọ ni mo máa sọ ọ́ fún. Nurat ní kí n sinmi díẹ̀, mo ní kó máa kọ. Mo ti gbàgbé. Mo mọ̀ pé ó yàtọ̀, mi ò mọ bó ṣe yàtọ̀. Bóyá mẹ́rin ni, bóyá ọ̀kan gùn ju ìyókù lọ. Nígbà tó wà láàyè, mi ò kà á. Ta ló ń ka páànù orí ilé ara rẹ̀? Nígbà tó kú, mi ò sunkún, mo ní ayé kò ní rí tèmi. Àṣé bí mo ṣe ń pa ẹkún mọ́ra ni ojú náà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ yín kọ́ ló kọ́kọ́ yọ ọ́ dànù.

Nítorí náà, gbé ògidì wá. O ní ògidì fídíò náà ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ, pé ẹ ò fún un kéré, àmọ́ ó wúwo, jíìbì mẹ́rìnlá ni, nẹ́tíwọ̀kì ibí kò lè gbé e. Ta ló ní kí nẹ́tíwọ̀kì gbé e? Èmi ni mo gbé ìyá rẹ jáde nílé ìwòsàn, mo gbé e sínú mọ́tò, mo gbé e sínú ilẹ̀. Kò sí ohun tó wúwo lára rẹ̀ tí mi ò tíì gbé rí. Mo ti kó àgbàdo kúrò nínú yàrá ẹ̀yìn. Mo ti bá ọkùnrin mẹ́rin sọ̀rọ̀ ní Ibafo, àwọn tó ń já búlọ́ọ̀kù, wọ́n ní okùn, wọ́n ní òṣùká, wọ́n á dúró dè ọ́ ní ibùdókọ̀. Nurat ń rẹ́rìn-ín, ó ní jíìbì mẹ́rìnlá lè wọ àpò bùbá. Mo bi í pé ṣé ó ti gbé ẹyọ kan rí, ó ní kí n máa bá ìwé mi lọ.

Owó tí o máa fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, fi wọ mọ́tò wá. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni kí o fi ra iṣu fún àwọn mẹ́rin yẹn, wọn kì í jẹun díẹ̀. Wá kó tó di Sátidé. Jókòó tì mí, kí o dá fídíò náà dúró níbi tó ti yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Èmi á kà á, ìwọ náà á kà á, Nurat á kọ ọ́ sílẹ̀. Tí mo bá sunkún níbẹ̀, má pe ẹnikẹ́ni.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Ọwọ́ tó ń fún nǹkan kéré kò ní kàn ọ́. Ibi yòówù kí o dé, ayé kò ní wo ara rẹ kó rí ibì kankan tó máa ní kò ṣe pàtàkì.

Èmi bàbá rẹ, Ògúnkànmí, ni mo tẹ àtàǹpàkò síbí.