Pẹrẹgún Mẹ́rin fún Ìgbì Òkun Ìbídùnní

Ilé Ògúnníyì,
Ìta-Ògbólú,
nítòsí Àkúrẹ́.

Ìbídùnní ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le, ṣé omi tí ò ń bá ṣeré kò tíì wọ̀ ọ́ létí? Àwa ń bẹ níhìn-ín, a sì ń dúpẹ́. Olúwa tó dá òkun láìbi ẹnikẹ́ni léèrè yóò máa mójú tó ọ, àmín. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí n bi ọ́ bóyá pákó tí o fi ń gun ìgbì òkun náà ní ibi tí èèyàn lè fọwọ́ dì mú. Ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn ń jẹ ìwé, ìdí nìyẹn tí o kò fi rí igun kan lára lẹ́tà yìí.

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ lórí fóònù. O ní ó di ọdún méjì tí o ti ń wá ibi tó dáa, pé o ti rin etí òkun méje, ìgbì ti àkọ́kọ́ ń wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òmíràn ní àpáta lábẹ́, òmíràn èrò ti pọ̀ jù níbẹ̀, àti pé ìgbì tó ń rọra bọ̀, tó gùn, tó ń ṣí díẹ̀díẹ̀ ni pákó gígùn bíi tìrẹ ń fẹ́, kó lè gbé ọ títí dé iyanrìn. Bí mo ṣe gbọ́ ọ, mo sọ fún ìyá rẹ pé ọmọ mi lèyí lóòótọ́, torí bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe wá ilẹ̀ kòkó nígbà èwe mi, èyí olókùúta, èyí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. O wá ní o ti rí i báyìí, ibẹ̀ lo ó ti máa múra sílẹ̀ fún ìdíje gígun ìgbì ti ìparí oṣù, kò sì sí ibòmíràn bíi rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé iṣu lórí iná.

Fídíò tí o fi ránṣẹ́ dé. Nímọ́tà, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta káàdì ìpè lẹ́bàá ọjà, ló bá wa tẹ̀ ẹ́. A rí i tí omi ńlá ń lé ọ bọ̀, ìwọ sì dúró lórí pákó, o tiẹ̀ ń rìn lọ sí iwájú rẹ̀ bí ẹni ń rìn nínú pálọ̀. Mo pariwo pé kí o sáré, o kò gbọ́. Ọpẹ́ ni pé o dé iyanrìn láyọ̀. Àfi bí Nímọ́tà ṣe tún tẹ̀ ẹ́, omi náà sì tún lé ọ. Ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ nígbà kẹta nítorí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo bá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní ó ti rẹ ọmọ yìí, ẹ jẹ́ kó sinmi. Bí ẹsẹ̀ bá ń ro ọ́ láti Sátidé, má bínú, àwa ni.

Ohun tó bà mí lẹ́rù ni àwòrán ilẹ̀ tí o fi tẹ̀ lé e, tí o ní kí n fi mọ ibi tí o wà. Nǹkan pupa kan wà níbẹ̀, orí rẹ̀ róbótó, ìdí rẹ̀ ṣóńṣó, wọ́n ti rì í mọ́ ibi tí o sọ gan-an. Nímọ́tà ní àmì lásán ni, fóònù ló fi síbẹ̀. Mo ní kí ló kan fóònù nínú ilẹ̀ onílẹ̀. Ìbídùnní, ẹnìkan ti ṣáájú rẹ débẹ̀. Ìwọ náà mọ ilẹ̀ etí odò tó wà lọ́nà Ìjù. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, mo kàn lọ sílé lọ jẹ ẹ̀bà, kí n tó padà dé Kìtán aládùúgbò wa ti gbin pẹrẹgún ààlà sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wá ń kí mi pé ẹ kú ìrìn. Ọgbọ̀n ọdún rèé tí mo ń gba àárín kòkó rẹ̀ kọjá lọ sí oko olókùúta tèmi. Wọn kò ní ṣe ìyẹn fún ọmọ mi lójú mi.

Mo bá dé fìlà ọjọ́ ìsìn, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Ajé, sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ilẹ̀. Akọ̀wé fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n bi mí pé ta ló bá mi pààlà ní ìlà oòrùn, mo kọ omi. Ní ìwọ̀ oòrùn, mo kọ omi. Ní gúúsù, mo kọ omi púpọ̀. Ní àríwá, mo kọ iyanrìn àti alágbọn tí mo rí nínú fídíò. Wọ́n ní kí ni a fẹ́ kọ́ sórí rẹ̀, mo ní a kò kọ́ nǹkan kan, ọmọ mi fẹ́ dúró ni. Akọ̀wé kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní bàbá, ṣé ilẹ̀ lèyí. Mo ní kí ló wà lábẹ́ omi, àbí omi ń fò ni? Ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀, Ìyáàfin Adébùsóyè. Ìyáàfin náà fara balẹ̀ kà á, ó bi mí bóyá ìgbì náà máa ń dúró sójú kan. Mo ní kì í dúró, ṣùgbọ́n ó ń padà wá lójoojúmọ́, kì í pa iṣẹ́ jẹ. Ó ní òun kò lè lu òǹtẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n lójú tòun, ẹni tí wọ́n bá bá nídìí irú nǹkan báyìí ló ni ín.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ohun tí Kìtán fi borí mi nìyẹn, wọn kò bá mi níbẹ̀.

Nítorí náà mo ti gé pẹrẹgún mẹ́rin sínú àpò sìmẹ́ńtì. Stephen awakọ̀ tó ń gba Oǹdó lọ sí Èkó ni yóò gbé èmi àti wọn wá lọ́jọ́ Ẹtì, èmi fúnra mi ni n ó sì rì wọ́n. Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù Nímọ́tà, kí o sì fi ti bàtà òjò tó dé orúnkún kún un, torí ìyá rẹ ní òkun á ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ.

Kí n tó dé, ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́, má sọ̀ kalẹ̀ lórí pákó náà. Má lọ sílé lọ jẹun, ebi ló pa mí lọ́jọ́sí. Ìyá rẹ ti dín ìpékeré sínú ọ̀rá, ó so ó lẹ́ẹ̀mejì kí omi má baà wọ̀ ọ́, n ó jù ú sí ọ láti etí iyanrìn.

Olúwa yóò fi ẹsẹ̀ rẹ múlẹ̀ níbi tí kò sí ilẹ̀. Ìgbì tó bá gbé ọ lọ yóò máa gbé ọ bọ̀. Kò sí ẹni tí yóò dé ibẹ̀ tí kò ní bá ọ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ògúnníyì