Ìbéèrè Kan Tí Mo Ń Fò

Ajégúnlẹ̀, Àpápá,
Èkó.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2024.

Mutmainah Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera, kí ẹsẹ̀ tó ń wú fún ọ nítorí ìdúró ti rọlẹ̀, kí o sì ti máa rí oorun sùn. Ní tèmi, ara mi yá, àfi orúnkún òsì tí o mọ̀. Emeka, ọmọ Tíṣà Ambrose tó ń gbé yàrá iwájú wa, ló ń padà sí Houston lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, òun ni mo fi rán. Mo mọ̀ pé fóònù wà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ohùn mi kò lè gbé.

Òní ló pé ọjọ́ méjìlá tí o pè mí pé o ti yege ìdánwò láti di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Mo sunkún, o sì rò pé ayọ̀ nìkan ni. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo gbọ́ ohùn rẹ. Mi ò dá ọ lẹ́bi, iṣẹ́ méjì lo ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tó jẹ́ ọ̀sán lọ́dọ̀ yín, bá ti lù, mo ṣì ń gbé àga lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa, màá wọ awò ojú mi, màá gbé fóònù sórí itan.

Ṣé o rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀? Lẹ́yìn ọdún tuntun ni o fi ọgọ́rùn-ún ìbéèrè nípa ìjọba Amẹ́ríkà ránṣẹ́, mo sì lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní Warehouse Road. O ní ojú rẹ kì í gba ìwé mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. O ní, "Màámi, ẹ máa bi mí, etí ni màá fi kà á." Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Wharf Road, kò sì sí ọjọ́ tí mi ò tẹ orúkọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà sórí ìwé ẹrù. Kọ̀nténà ń wọlé, kọ̀nténà ń jáde, èmi ń tẹ orúkọ náà lọ, mi ò mọ ẹni tó ń ṣòfin níbẹ̀. Mo rò pé ààrẹ wọn ló ń dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Ìwé rẹ ló kọ́ mi pé sẹ́nétọ̀ wọn jẹ́ ọgọ́rùn-ún, pé adájọ́ mẹ́sàn-án ló wà nílé ẹjọ́ wọn tó ga jù, pé bí apá kan ìjọba bá fẹ́ ṣàṣejù, apá mìíràn lè dá a dúró. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, mi ò wo ìwé mọ́ kí n tó bi ọ́.

Mo tún ń rántí Màmá Harriet, ìyá ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin tí o ń tọ́jú nílé àwọn àgbàlagbà. Ìgbà tí o bá ń fún un lóúnjẹ ọ̀sán lo máa ń pè mí, tí o ó gbé fóònù sórí tábìlì kí òun náà máa gbọ́. Lọ́jọ́ tí mo bèèrè iye sẹ́nétọ̀, kí o tó dáhùn, ó ní àádọ́ta. Mo ní, "Rárá, Mà, ọgọ́rùn-ún ni, méjì méjì láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan." Ó rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ fi ta sí i láṣọ. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n bí òun, ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá òun, òun sì ti ń dìbò láti ìgbà ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi òun látìgbà tí òun ti kúrò nílé ìwé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wá kí i kò mọ apá mẹ́ta tí ìjọba wọn pín sí. Ó yà mí lẹ́nu. Ẹni tó fẹ́ wọlé ni wọ́n ń bi, ẹni tó ti wà nínú ilé, kò sẹ́ni tó ń bi í ní nǹkan kan.

Mo jowú Màmá Harriet, màá jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ọ. Mo máa ń gbọ́ bí o ṣe ń sọ fún un jẹ́jẹ́ pé kó la ẹnu, kó rọra gbé e mì. Èèyàn dáadáa ni, ó máa ń béèrè orúnkún mi. Síbẹ̀ mo máa ń rò ó pé ìyá ẹlòmíràn ni ọmọ mi ń fún lóúnjẹ.

Kí n má baà rò pé mo gbọ́n ju àwọn ará ibẹ̀ lọ, Tíṣà Ambrose gbọ́ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń ka àwọn ìdáhùn rẹ bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà. O mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ìjọba ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ. Ó ní, "Ìyá Muti, ta ni kánsẹ́lọ̀ wa?" Mi ò mọ̀. Ó ní, "Ta ló ń ṣojú wa ní Àbújá?" Mo dárúkọ ẹnì kan, ó ní onítọ̀hún ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ojú tì mí, mo sì ní kó kọ́ mi ní tiwa náà.

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ gbé kálámù nìyí. Ìbéèrè kan wà nínú ìwé náà tí mi ò bi ọ́. Ó ní: kí ni ìlérí kan tí èèyàn ń ṣe nígbà tó bá fẹ́ di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà? Ìdáhùn àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé onítọ̀hún yóò kọ ìṣòtítọ́ rẹ̀ sí ilẹ̀ mìíràn sílẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ilẹ̀ mìíràn yẹn, ibi tí mo jókòó sí ni. Ibi tí a sin bàbá rẹ Wàhábì sí ni, lọ́jọ́ tí ìwé rẹ kò tíì jẹ́ kí o lè jáde kí o tún padà wọlé, tó jẹ́ fóònù ni wọ́n gbé sókè kí o lè rí wa. Mo rò ó pé bí mo bá bi ọ́, o ó fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́, èmi ni màá sì sọ pé, "O gbà á." Mi ò lè ṣe é. Bí mo bá ti dé ibẹ̀, màá fò ó, màá bọ́ sí èyí tó tẹ̀lé e.

Nínú oṣù Agẹmọ, o lọ ṣe ìdánwò náà, o gba márùn-ún nínú mẹ́wàá tí wọ́n bi ọ́, mẹ́fà sì ni wọ́n ń fẹ́. O pè mí láti inú ọkọ̀ rẹ, o ń sunkún. O ní, "Màámi, wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu yín rí. Wọ́n ní kí ni màá ṣèlérí. Mo kàn ń wò wọ́n ni." Mo ní kí o má sunkún, mi ò sì sọ pé èmi ni mo fà á. Èyí tó burú jù ni pé lẹ́yìn tí o gbé fóònù sílẹ̀, inú mi dùn. Wọ́n ní kí o padà wá lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta, mo sì rí i pé màá tún máa gbọ́ ohùn rẹ lójoojúmọ́ títí dìgbà náà. Ìyá wo ló ń yọ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ kùnà? Tìtìjútìtìjú ni mo fi kírun ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Dárí jì mí.

Lọ́jọ́ kejì, mo bi ọ́. Ìdáhùn ibẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ìwọ náà sì ti lọ wò wọ́n. O ní, "Pé màá pa òfin ilẹ̀ náà mọ́, Màámi." Gbogbo ìgbà tí mo bi ọ́ lẹ́yìn náà, èyí kan náà lo ń mú. O ò mú ti àkọ́kọ́ rárá. Bó bá jẹ́ nítorí tèmi ni, o ṣeun, ọmọ mi.

Ṣùgbọ́n lóṣù tó ń bọ̀, nígbà tí o bá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè láti búra, kò ní sí pé o ń mú èyí tó wù ọ́. Èmi àti Tíṣà ti jọ ka ìbúra náà. Ìkọ̀sílẹ̀ yẹn ló ṣáájú. Tíṣà ní òfin tiwa kò gba Nàìjíríà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bí sínú rẹ̀ nítorí pé ó di ọmọ ìlú kejì. Ó ní ọba àti ìjọba ni ìbúra náà dárúkọ, kò dárúkọ ìyá. Nítorí náà, sọ ọ́ sókè, má kùn ún sínú. Má rò mí.

Ìdánwò ti parí, mi ò ní ohun tí màá máa bi ọ́ mọ́. Má jẹ́ kí ìyẹn dá ọ dúró. Pè mí láìnídìí. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀, gbé fóònù sórí tábìlì kí n máa gbọ́ bí ẹ ṣe ń jẹun.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilẹ̀ tí o fẹ́ búra fún mọ iyì rẹ. Kí ó má fi àìsàn ṣe ọ́ níbi tí mi ò ti lè dé. Kí ó dá ẹ̀mí mi sí kí n fi ojú ara mi rí ọ.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń wọ̀nà fún ọ,
Morìnsọ́lá.

Àfikún: Aṣọ àǹkárá tó wà lọ́wọ́ Emeka, ti ọjọ́ ìbúra rẹ ni. Ìwọ̀n tí télọ̀ kọ sínú ìwé rẹ̀ lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nígbà tí o ń lọ, ni mo ní kó fi rán an, torí mi ò ní òmíràn. Bí kò bá bá ọ mu mọ́, má fún ẹlòmíràn. Gbé e bọ̀ wálé, kí wọ́n wá wọn ara rẹ níbí.