Ẹ Má Ta Ọgbà Nítorí Wáyà Méjì

                                        Yàrá Kejìlá,
                                        Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́ Iná,
                                        Ẹ̀yìn Ibùdó Pípín Iná.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ìyàtọ̀ féèsì ni àlàfo tó wà láàárín ìgbà tí agbára iná inú wáyà kan dé góńgó àti ìgbà tí ti wáyà kejì dé góńgó tirẹ̀. Ẹ má bínú pé èyí ló ṣáájú ìkíni. Ẹ̀yin lẹ sọ lórí fóònù lánàá pé, "Ìwọ Oníbèérè, lónìí èmi ni mo ní ìbéèrè. Kí ni féèsì tí o ń pariwo rẹ̀? Kọ ọ́ sílẹ̀ kó yé mi, má sì fi ìkíni bò ó mọ́lẹ̀." Mo ti kọ ọ́. Ó ku kó yé yín, n ó sì dé ibẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n kí yín bó ṣe yẹ. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti rọlẹ̀ díẹ̀? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọgbà láàárọ̀, tí wọ́n ń bá àwọn irúgbìn wí bí ẹni ń bá ọmọ iléèwé wí? Èmi náà wà, ara le, iṣẹ́ ń lọ. Ṣùgbọ́n àárò yín ń sọ mí, ó ju ohun tí mo lè kọ lọ. Yàrá tí a ti ń ṣọ́ iná níbí kò ní fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ pupa àti ti àwọ̀ ewé ló ń ṣẹ́jú níwájú mi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà mìíràn mo máa ń dijú, kí n lè rántí òórùn ilẹ̀ ọgbà wa lẹ́yìn tí a bá fomi wọ́n ọn tán.

Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àná gba oúnjẹ lẹ́nu mi. Ẹ ní pọ́ǹpù ti kú, omi rẹ̀ ń yọ bí ìtọ̀ arúgbó, irúgbìn ọsàn ti ń rọ, oníbúlọ́ọ̀kù tó wà ní títì kejì sì ń bọ̀ ní Sátidé láti wá gbọ́ iye tí ẹ fẹ́ ta ilẹ̀ náà fún un. Mo rẹ́rìn-ín ìtọ̀ arúgbó. Mo rẹ́rìn-ín tán ni ojú mi ṣú. Kò sí ibòmíràn tí mo ń pè ní ilé, ẹ̀gbọ́n. Bí mo bá lálàá, inú ọgbà yẹn ni mo máa ń wà.

Ẹ rántí pé mo ní kí ẹ gbé fóònù sún mọ́ ẹ̀rọ tó ń yí pọ́ǹpù náà. Mo tẹ́tí sí i. Ohùn rẹ̀ já gaara, kò ráhùn, kò ha. Ẹ̀rọ tó jóná kì í dún bẹ́ẹ̀. Mo bi yín pé láti ìgbà wo ló ti ń ṣe é, ẹ ní láti ọjọ́ tí wọ́n wá gbé òpó iná tí ìjì wó lulẹ̀ nàró ni. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó lè jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ń yí sí o!" Ni oníná tí ẹ pè wá tún pọ́ǹpù bá gba fóònù lọ́wọ́ yín. Ó ní, "Ọ̀gá, mo ti ronú kan ìyẹn. Mo ti sún wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò láàyè wọn, kò sí ìyàtọ̀. Ẹ̀rọ yìí ti lọ bá àwọn baba rẹ̀." Mo fẹ́ dá a lóhùn ni fóònù já, kò sì wọlé mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìdáhùn mi nìyí. Iná tó ń wọlé kì í ṣàn lọ́nà kan bí omi inú páìpù. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ayùn lọ́wọ́ káfíńtà, nígbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú ọgbà wa, wáyà mẹ́ta ló ń gbé e wá fún pọ́ǹpù, wọn kì í sì í dé góńgó pa pọ̀. Èkíní á dé, èkejì á tẹ̀lé e, ẹ̀kẹta á tẹ̀lé èkejì, kí èkíní tó tún dé. Àlàfo wọn dọ́gba. Àlàfo yẹn gan-an ni ìyàtọ̀ féèsì.

Ẹ rántí ajá wa pupa ọjọ́un. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀yin, èmi àti ọmọ télọ̀ tó máa ń bá wa ṣeré dúró yí igi ńlá àárín ọgbà ká, ní igun mẹ́ta. Ẹ pè é, ó sá tọ̀ yín wá. Kó tó jókòó, mo pè é, ó sá wá. Ọmọ télọ̀ pè é, ó gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ tún pè é. Ajá á máa sá yí igi po, ọ̀nà kan náà ni yóò sì máa gbà. Bí a bá jọ pè é lẹ́ẹ̀kan náà, yóò dúró, yóò máa wò wá bí ẹni pé orí wa dàrú. Ajá yẹn ni irin tó ń yí nínú ẹ̀rọ. Àwa tí à ń pè é tẹ̀léra ni wáyà mẹ́ta.

Wàyí o, bí èmi àti ọmọ télọ̀ bá pààrọ̀ ààyè, tí ẹ̀yin ṣì ń kọ́kọ́ pè, tí èmi ń tẹ̀lé yín, tí òun sì ń kẹ́yìn, apá òdìkejì ni ajá yóò máa sá gbà. Mo gbà pé ohun tí àwọn tó gbé òpó nàró ṣe nìyẹn láìmọ̀: wọ́n so wáyà méjì sí ipò ara wọn. Ṣùgbọ́n bí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jọ sún síwájú ní ààyè kọ̀ọ̀kan ńkọ́? Ẹ fi ìka yà á sórí tábìlì kí ẹ wò ó. Ọ̀nà tó ń gbà tẹ́lẹ̀ náà ni ajá yóò ṣì máa gbà. Oníná yín kò purọ́, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ó sún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tó bá sì sún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ́ẹ̀ kò tíì yí nǹkan kan padà. Ẹ bá mi kí i. Ìbéèrè yìí ni ọ̀gá wa níbí fi ń dán gbogbo ẹni tuntun wò, àwọn tó ń dáhùn rẹ̀ bó ṣe tọ́ kò sì pọ̀.

Ohun tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura ni pé gílóòbù ń tàn, fíríìjì ń tutù. Ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Wáyà féèsì kan ṣoṣo ni gílóòbù ń lò, kò mọ ẹni tó ṣáájú, kò mọ ẹni tó kẹ́yìn. Pọ́ǹpù nìkan ló mọ̀. Bó bá sì ń yí sẹ́yìn, omi díẹ̀ á ṣì máa yọ, ìyẹn ló jẹ́ kẹ́ ẹ rò pé ó ti gbó.

Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ̀ ń gbé garawa, ẹ̀yin lẹ̀ ń fi orúnkún dídùn rìn láàárín ebè. Mi ò lẹ́nu láti ní kí ẹ má ta ilẹ̀ náà láéláé. Bí omi bá yọ dáadáa, tí ẹ sì rí i pé ó ti rẹ̀ yín, ẹ tà á. N ó sunkún díẹ̀, n ó sì dúró tì yín. Ṣùgbọ́n ẹ má tà á nítorí wáyà méjì. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó ń wù mí kí n tún bá yín jókòó sídìí igi yẹn, kí ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo rù bí igi ìgbálẹ̀, kí omi sì máa dún lẹ́yìn wa. Ó ń wù mí débi pé ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ jẹ́ ìfẹ́ ọkàn mi ni mo ń pè ní ìmọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ wò ó fúnra yín.

Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, ẹ gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Ẹ sọ fún Màmá pé mo ti tọrọ ìsinmi, ẹnu ọ̀gá ni mò ń wò. Awakọ̀ ibi iṣẹ́ wa tó ń gba ọ̀dọ̀ yín kọjá lọ́la ni mo fi lẹ́tà yìí rán.

Kí oníbúlọ́ọ̀kù tó dé, ẹ ṣe báyìí. Ẹ wá àmì ọfà tó wà lára irin pọ́ǹpù, ẹ fi aṣọ nù ún kó hàn. Kí oníná tan ẹ̀rọ náà, kó sì pa á, kí ẹ wá wo fáànù kékeré tó wà nídìí rẹ̀ bó ṣe ń rọra dúró. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Bó bá ń yí síbi tí ọfà kọjú sí, èmi ni mo ṣì í. Bó bá ń yí lòdì sí ọfà, kí oníná pa súìṣì ńlá ara ògiri, kó fi tẹ́sítà wo wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé kò síná lára wọn mọ́, kó wá pààrọ̀ méjì, méjì tó bá wù ú. Ẹ̀kẹta, kó fi í sílẹ̀ síbi tó wà.

                                        Èmi ni àbúrò yín tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín,
                                        Oníbèérè.