Ẹ̀rọ Tí Ẹ Rà fún Mi

Bàbá mi, Bàbá Onípáànù tó mọ ohùn mi ju ẹnikẹ́ni lọ,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà, nítorí náà, ẹ kú ọ̀sán.

Ẹ̀yìn ìtàgé ni mo jókòó sí, ní gbọ̀ngàn kan ní Kútọ̀, l'Ábẹ́òkúta níbí. Wọ́n ti kun ojú mi tán. Wákàtí méjì ló kù kí a bẹ̀rẹ̀. Eré tí à ń fi orin àti ijó sọ ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni, èmi sì ni wọ́n fi ṣe olórí òṣèré. Èmi náà! Èmi tí mo dúró sí ìlà ẹ̀yìn láàárín àwọn elégbè fún ọdún mẹ́ta gbáko, tí ẹ máa ń bi léèrè lórí fóònù bóyá wọ́n ti gbé mi síwájú díẹ̀. Wọ́n ti gbé mi síwájú, Bàbá. Ẹni tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ti jápa.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lẹ àwòrán mi mọ́ ògiri láti Láfẹ́nwá títí dé Àdìgbẹ, ṣe ni mò ń fa híjáàbù bojú, tí mò ń sáré kọjá níwájú ojú ara mi bí olè. Nítorí pé nílé wa, nọ́ọ̀sì ni mí. Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ náà? Ọjọ́ tí wọ́n sọ ọmọ àbúrò yín lórúkọ ni. Àwọn àgbà ẹbí jókòó, wọ́n bi yín ní ohun tí mò ń kọ́ l'Ékòó. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ṣe lèmọ́mù, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mẹta, báwo ló ṣe fẹ́ la ẹnu sọ pé ọmọ òun ń kọrin, ó ń jó níwájú èrò? Ẹ wúkọ́, ẹ ní nọ́ọ̀sì. Mo wò yín, ẹ ò wò mí. Mi ò bínú. Mo rò pé tó bá yá, a ó jọ sọ òtítọ́.

Kò yá rárá. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti wálé ni pálọ̀ ń kún. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ẹni tí oògùn rẹ̀ tán, ẹni tó kàn fẹ́ kí n fọwọ́ kan òun lórí wò. Ẹ tún wá lọ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ gbé e lé mi lọ́wọ́ níwájú gbogbo wọn. Fídíò orí fóònù ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Olórin l'Ékòó, nọ́ọ̀sì l'Ábẹ́òkúta, àárín méjèèjì ni mo há sí.

Ìka yín ni mo máa ń rántí jù. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ máa ń fi ìka kan àwọn páànù inú ṣọ́ọ̀bù lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ lè mọ èyí tó nípọn, èmi á sì fi ẹnu kọ ohùn tó bá dún. Bí mo bá gbà á, ẹ ó kàn mi orí, ẹ ó tún kan òmíràn. Kò sí olùkọ́ orin tó kọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ l'Ékòó. Kí ló dé tí ẹ ò lè sọ ìyẹn fún wọn?

Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan tí mi ò lè bi ẹlòmíràn. Nígbà tí ẹ dẹ́kun lílọ sí ọsibítù fún ẹ̀jẹ̀ ríru yín, ṣé nítorí mi ni? Ṣé torí kí wọ́n má baà bèèrè ohun tí bàbá nọ́ọ̀sì ń wá lórí ìlà nílé ìwòsàn ni? Àbí ẹ̀yin fúnra yín ti gba irọ́ yẹn gbọ́? Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mo wálé kẹ́yìn kí ẹ tó lọ, ẹ na apá sí mi, àlejò mẹ́rin jókòó tì yín. Mo rí nọ́ńbà tí ẹ̀rọ gbé jáde. Ó ga. Mo mọ̀ pé ó ga, fídíò yẹn ti kọ́ mi. Mo ní ó dáa. Mo rò ó pé bí àlejò bá ti lọ, màá fà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a ó jọ lọ sí ọsibítù. Ni wọ́n bá pè mí láti Èkó pé rìhásà, ìdánrawò eré wa, ti di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì gbé báàgì mi.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n bá yín nílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Kí n tó dé, wọ́n ti sin yín, bí ẹ̀sìn wa ṣe fẹ́. Iyẹ̀pẹ̀ tútù ni mo bá. Lọ́jọ́ fìdáù, gbogbo ẹbí ń ṣàdúrà fún mi pé mo tọ́jú bàbá mi, mo ń ṣe àmín. Ẹ wo ayé mi o! Mi ò sọ̀rọ̀ nọ́ńbà yẹn fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Láàárọ̀ yìí, Àlájà, ẹ̀gbọ́n yín, wọlé. Mo ti ń wá ọ̀nà tí màá gbà yọ́ jáde lọ síbi eré. Wọ́n jókòó sórí àga yín, wọ́n ká apá bùbá sókè, wọ́n na apá sí mi. Apá yín gan-an ni, Bàbá, ó rí bákan náà títí dórí ìgbọ̀nwọ́. Mo so ẹ̀rọ mọ́ ọn. Ó ga. Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà, aládùúgbò méjì wà lórí ìjókòó, mo sì ti la ẹnu láti sọ pé ó dáa. Kò jáde.

Mo fa Àlájà lọ́wọ́, èmi àti Màámi gbé wọn wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ọsibítù. Wọ́n ń fi mí yangàn títí a fi débẹ̀. Wọ́n tún sọ fún nọ́ọ̀sì ibẹ̀ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mí. Obìnrin náà yíjú sí mi, ó bi mí ní ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo wo aṣọ funfun ọrùn rẹ̀. Mo ní èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Mo ní orin ni mò ń kọ, pé èmi ni mo wà nínú àwòrán ara ògiri Láfẹ́nwá yẹn.

Àlájà rọra yọ apá wọn lọ́wọ́ mi, wọ́n nà án sí nọ́ọ̀sì.

Wọ́n ti dá Àlájà dúró síbẹ̀ fún ìtọ́jú. Wọ́n ní ọpẹ́lọpẹ́ pé a tètè wá. Màámi ò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn mú ẹ̀rọ yẹn kúrò nínú báàgì mi, wọ́n fi sínú tiwọn. Mi ò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, mi ò sì mọ bóyá wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún mi lẹ́yìn eré. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Ó sì ń dùn mí wọra pé apá Àlájà ni mo fi ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe fún apá tiyín.

Wọ́n ti ń pè mí. Orin àkọ́kọ́ ga, èmi nìkan ni màá sì dá a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kan páànù kan níbi tí ẹ wà. Màá gba ohùn rẹ̀.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì.